Oṣù Méje Tí Ọ̀kadà Bàámi Fi Sinmi

Ilé-Ifẹ̀ ní ìgbà òjò, ó sì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí gbogbo ìlú Yorùbá ṣe ní in. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń jẹun lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ̀ pé ìgbà kẹta wà. Ìgbà náà ni ìgbà tí géètì yunifásítì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ìgbà yìí bá dé, ìyá tó ń ta ìrẹsì ní Asherifa yóò dín ìkòkò kù, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Damico yóò ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tó máa ń tò sí ẹ̀bá títì bí èèrà yóò sì máa wo ojú ara wọn.

Iṣẹ́ ọ̀kadà ni bàámi ń ṣe. Wọ́n máa ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Asherifa, Damico àti Parakin lọ sí géètì, wọn a sì gbé àwọn mìíràn padà sí Mayfair àti Lagere ní ìrọ̀lẹ́. Bajaj Boxer pupa kan ni máṣíìnì wọn. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n fi rà á, oṣù Ọ̀pẹ 2021 ni wọ́n sì san gbèsè náà tán. Mo rántí pé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n san án tán, wọ́n fọ máṣíìnì náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé kò mọ́ tó nígbà tí ó ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ìgbà kẹta dé. Ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ó di oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kún un. Ní oṣù Ẹ̀bìbí, wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ méjìlá kún un. Oṣù Ògún mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn wá, kí wọ́n tó sọ ọ́ di èyí tí kò ní gbèdéke. Ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ ni yóò jẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà fún ẹni tó ní nǹkan láti tọ́jú: kò mọ iye ọjọ́ tí yóò fi tọ́jú rẹ̀.

Ní àárín oṣù Ẹrẹ́nà, bàámi jókòó, wọ́n ṣe ìṣirò. Owó epo tí wọ́n ń dà sínú máṣíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju owó tí wọ́n ń mú wálé lọ. Wọ́n pinnu láti lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní Ifẹ̀tẹ̀dó. Wọn kò gbé máṣíìnì dání. Ẹ̀gbọ́n wọn ní tirẹ̀ lóko, ọ̀nà oko lásìkò òjò sì lè sọ ọ̀kadà tuntun di àgbálagbà láàárín oṣù kan. Wọ́n pè mí síta.

"Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni mo fi máṣíìnì yìí lé lọ́wọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó kú."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nílé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ìyanṣẹ́lódì lé wálé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń mú sípánà dání fún bàámi láti kékeré, èmi ni mo sì mọ ibi tí gbogbo nọ́ọ̀tì wà. Aládùúgbò wa kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi máṣíìnì ṣe. Bàámi kò dá a lóhùn. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wọn ní Lagere ni wọ́n mú mi lọ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì náà kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí babaláwo bá ń ṣàlàyé odù. Wọ́n ní, "Máṣíìnì tí a ń gùn lójoojúmọ́, ìlò ló ń bà á jẹ́. Èyí tí a gbé sílẹ̀, ìdúró ló ń bà á jẹ́. Ìbàjẹ́ méjèèjì kò jọra." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Epo bẹntiróòlù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí epo bá dúró pẹ́ nínú kabúrétọ̀, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ yóò fẹ́ lọ, èyí tó kù yóò di bí oje igi, yóò sì dí àwọn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Nítorí náà, a ti táàpù epo, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ títí tí ó fi jó gbogbo èyí tó wà nínú kabúrétọ̀ tán, tí ó sì kú fúnra rẹ̀. A fa ìyókù epo inú táǹkì jáde, a da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, a sì mì ín kí ó kan gbogbo ara irin, kí ọ̀rinrin òjò má baà mú un dógùn-ún.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Màámi ní kí ló dé tí a ń ra ọ́ìlì tuntun fún ohun tí a kò ní gùn. Ọ̀gá dá wọn lóhùn pé inú ọ́ìlì àtijọ́ ni èérí àti ásíìdì tí ẹ́ńjìnì ti ń pọ̀ láti ọjọ́ yìí wà, kò sì yẹ kí a fi irin sínú rẹ̀ kí ó máa sùn. Wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò rẹ̀, wọ́n rọra tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì dá púlọ́ọ̀gì padà. A fọ ṣéènì, a fi gírísì pa á. A gbé máṣíìnì sórí ìdúró àárín, a fi pákó há abẹ́ rẹ̀ kí táyà méjèèjì má fi ibì kan ṣoṣo tẹ ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. A fi àkísà pupa dí ẹnu sàláńsà kí eku àti agbọ́n má fi ṣe ilé. Àkísà pupa ni, kí ẹni tó bá fẹ́ tan án lọ́jọ́ iwájú lè rí i, kí ó sì yọ ọ́. Ìró àtijọ́ màámi ni a fi bò ó. Ọ̀gá ní a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá bò ó mọ́lẹ̀ pinpin, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí òógùn irin jáde.

Ó wá ku bátìrì.

Wọ́n fi sípánà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n tú u fúnra mi. Wáyà dúdú ni a kọ́kọ́ ń tú, lẹ́yìn náà ni pupa. Bí a bá ń dá a padà, pupa ni a kọ́kọ́ ń dè, dúdú a sì kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé wáyà dúdú ló so mọ́ ara irin máṣíìnì. Bí dúdú bá ṣì wà níbẹ̀ tí sípánà tó wà lórí pupa sì kan irin, iná yóò ṣẹ́ yẹ́rí. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé omi inú rẹ̀ kì í ṣe omi lásán, ásíìdì ni, ó lè jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Bí ó bá ta sí ènìyàn lára, omi púpọ̀ ni kí ó fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ gbé e sí ilé ìdáná, torí bátìrì tó ń gba iná máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó lè gbiná.

Bí mo ṣe di olùtọ́jú bátìrì nìyẹn. Mo gbé e sórí pákó ní igun yàrá wa, jìnnà sí ọwọ́ àbúrò mi kékeré. Ọ̀gá ní bí mo bá gbé e lé sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ yóò fa iná inú rẹ̀ mu. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wa nílé ẹ̀kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni, ìgbà tí wọ́n ń fi igi àti rọ́bà ṣe àpótí bátìrì; pé ike tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí kì í jẹ́ kí iná jò sílẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbé pákó kúrò. Pákó kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì ń lé ọ̀rinrin sẹ́yìn.

Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ bàámi kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má da ara wa láàmú. Wọ́n ní tiwọn, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ń tan máṣíìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì léèrè. Wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti dá iná tí sítátà fà padà sínú bátìrì. Ẹ́ńjìnì kò sì ní gbóná tó láti lé omi tó ń kó jọ sínú ọ́ìlì àti sàláńsà jáde. "Yálà kí o gùn ún dáadáa, tàbí kí o jẹ́ kó sùn dáadáa," ni ohun tí wọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ṣàlàyé ohun tó wà nínú bátìrì fún mi. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Gaston Planté ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859. Àwo òjé ló wà nínú rẹ̀, tí a rì sínú ásíìdì. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì ọ̀kadà, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú fóòtì méjì lé díẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tí a ń pè ní fóòtì 12 fi máa ń fi nǹkan bí 12.6 tàbí 12.7 hàn lórí mítà bí ó bá kún. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ sí 12.2, ó ti kù bí ààbọ̀. Bátìrì kì í sì í dúró sí ojú kan. Bí a kò tilẹ̀ lò ó rárá, iná inú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kí ó yára dín kù. Bí a bá wá fi í sílẹ̀ nínú àìkún fún ìgbà pípẹ́, ohun funfun kan bí iyọ̀ yóò dì mọ́ àwo òjé, yóò sì le débi pé bí a bá fi iná sí i, kò ní gbà á mọ́. Kì í ṣe pé ebi kan ń pa irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ti dí.

Nítorí náà, mo ya ìwé kan sọ́tọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ara wọn, mo máa ń fi mítà kékeré ẹ̀gbọ́n mi wò ó, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ìlànà mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí ó bá ti kan 12.4, ó di Sábó, lọ́dọ̀ bàbá tó ń fi iná sí bátìrì. Mo ń wo omi rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó wà láàárín ìlà méjèèjì tó wà lára ike. Bí ó bá dín, omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ni mo ń fi kún un, kì í ṣe omi kànga, nítorí ohun tó wà nínú omi kànga máa ń ba àwo òjé jẹ́.

Láàárín àkókò yìí ni àbúrò màámi tó ń gbé ní Kánádà pè wá lórí WhatsApp. Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ohun tí aládùúgbò wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún ọkọ̀ orí yìnyín rẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ó jọ ọ̀kadà lápá òkè, ṣùgbọ́n kò ní táyà: pákó pẹlẹbẹ méjì tó tẹ̀ sókè lẹ́nu ló wà níwájú, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan ló sì ń tì í láti ẹ̀yìn. Ará Kánádà kan, Joseph-Armand Bombardier, gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ńlá tó ń rìn lórí yìnyín ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé èyí tó kéré bí ọ̀kadà jáde ní ọdún 1959. Bí yìnyín bá ti yọ́, ọkọ̀ náà kò wúlò mọ́ títí di ìgbà òtútù mìíràn. Wọn a tọ́jú epo rẹ̀, wọn a dí ihò rẹ̀ nítorí eku, wọn a sì tú bátìrì rẹ̀ wọlé.

Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn tí kò mọ Ifẹ̀, tí kò mọ ASUU, ń ṣe ohun kan náà tí mò ń ṣe. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Yìnyín ni tiwọn ń dúró dè, ọjọ́ rẹ̀ sì máa ń pé. Àwa kò mọ ọjọ́ tiwa.

Oṣù Òkúdu ló le jù. Owó ilé ẹ̀kọ́ mi kù, ọjà màámi kò sì yá bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ra ọ̀pọ̀ nínú gaàrí wọn. Ọkùnrin kan wá sílé, ó ní òun gbọ́ pé a ní ọ̀kadà tó ti dákẹ́. Iye tó dá lé e kò tó ìdajì owó tí bàámi fi rà á. Ó ní ohun tó ti dúró fún oṣù mẹ́ta, a kò lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Màámi kò bá a jà. Wọ́n ní kí ó padà wá lọ́la, wọ́n sì pe bàámi ní Ifẹ̀tẹ̀dó.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo gbọ́ tí bàámi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí màámi gbé fóònù fún mi.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ni mítà wí?"

Mo ṣí ìwé mi, mo sì kà á fún wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní: 12.7, 12.6, 12.5, 12.4, Sábó, 12.7, 12.6. Mo sọ fún wọn pé mo ti fi ọwọ́ kan ṣéènì lánàá, gírísì ṣì wà lára rẹ̀, kò sì sí ìdóògùn-ún níbì kankan.

Bàámi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún ọkùnrin náà pé ọ̀kadà wa kò dákẹ́. Ó ń sùn ni." Wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò fi owó ránṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ nínú owó iṣẹ́ oko, wọ́n sì fi í ránṣẹ́. Kò pé, màámi bá olùdarí ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gba ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ta máṣíìnì.

Ohun kan wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyanṣẹ́lódì gbé kalẹ̀, ti di ẹni tó ń sùn di ọ̀sán, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn sọ̀rọ̀ ìwé. Nítorí pé bátìrì wúwo fún mi láti gbé dé Sábó, àwọn ni mo ń bẹ̀ kí wọ́n bá mi gbé e. Lẹ́yìn ìgbà kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́dọ̀ bàbá oníbátìrì, wọ́n ń wo bó ṣe ń ṣe é. Bàbá náà fi hàn wọ́n pé bátìrì kékeré kò fẹ́ iná ńlá, iná tó rọra ń wọlé ní wákàtí púpọ̀ ni ara rẹ̀ ń fẹ́. Nígbà tí ó fi di oṣù Agẹmọ, wọ́n ti ń bá bàbá náà ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n ń gba owó díẹ̀, wọ́n sì tún ti ń ṣí ìwé wọn lálẹ́. Màámi ní ọmọ àwọn ti jí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì dúró, bàámi padà wálé. A yọ àkísà pupa, a da epo tuntun sí táǹkì, mo de wáyà pupa, mo sì de dúdú. Bàámi ní kí n tan án. Mo tẹ sítátà, ó fọhùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Epo kò tíì dé kabúrétọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bàámi wà ní Asherifa kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nígbà tí àwọn kan lára ẹgbẹ́ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí wọ́n ń ra bátìrì tuntun, tí wọ́n sì ń fọ kabúrétọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, àwa Yorùbá bọ̀, a ní ìgbà kò lọ bí òréré. Gbogbo ilé ló ní ohun kan tí ìgbà ti gbé sílẹ̀: jẹnẹrétọ̀ tí kò sí owó epo rẹ̀, máṣíìnì ìránṣọ ìyá àgbà, kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ tó máa ń dá wà ní gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Ẹ yan ẹnì kan, kódà bí ó jẹ́ ọmọdé, kí ẹ fún un ní ìwé kan àti ọjọ́ tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì máa bi í léèrè ohun tó rí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà gbà mí. Ohun tí bàámi fi oṣù púpọ̀ san gbèsè lé lórí ni ó sì dá sí.